Kí kọ̀ǹpútà tó kọ̀ láti jí: bí ẹ ṣe lè ṣe fíláàṣì tí wọ́n fi ń gbé Windows tàbí Linux sórí rẹ̀

Ó sábà máa ń jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kó lè parí orí tó kẹ́yìn nínú pírọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àmì Windows jáde, ó ń yí, ó ń yí, kò wọlé. Ó pa á, ó tún un tàn, ibì kan náà ló dúró sí. Ló bá gbé e sínú báàgì, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn níbẹ̀ ni pé, "Ṣé ká fọ́máàtì ẹ̀?" Bó bá ti dáhùn pé "ẹ ṣe é" láì bèèrè nǹkan mìíràn, iṣẹ́ ọdún kan lè lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń ki bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù yẹn kì í ṣe awo. Fíláàṣì lásán ni, irú èyí tí gbogbo èèyàn ń rà lọ́jà. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ lọ́nà tí kọ̀ǹpútà á fi lè jí láti orí rẹ̀ ni, òun ni wọ́n ń pè ní bootable flash. Ẹnikẹ́ni tó bá lè ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ ni pé fíláàṣì tó lè pa gbogbo fáìlì yín rẹ́ náà ló lè bá yín kó wọn jáde láìséwu. Ohun tí ẹ bá yàn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí ló máa sọ èyí tó máa ṣe.

Kí ló mú un yàtọ̀ sí fíláàṣì yòókù?

Kọ̀ǹpútà kì í dá ronú. Bí ẹ bá tàn án, ó máa wá ètò kan tó máa sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un. Ètò yẹn ni wọ́n ń pè ní operating system. Windows jẹ́ ọ̀kan lára wọn, Linux náà jẹ́ ọ̀kan. Inú háàdì dísìkì ló máa ń wà. Bó bá bàjẹ́ níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á tàn lóòótọ́, àmọ́ kò ní rí ẹni darí ẹ̀. Bootable flash máa ń gbé ètò náà wá láti ìta, kí kọ̀ǹpútà lè rí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́ rèé. Wọ́n á dáńlóòdù fáìlì Windows tàbí Linux, èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí .iso, wọ́n á wá kàn ṣe é ní copy àti paste sórí fíláàṣì. Kò ní ṣiṣẹ́. Fáìlì ISO dà bí iṣu tó ṣì wà nínú àpò. Bí ẹ bá gbé iṣu láti oko wá sílé, iṣu náà ni, kò tíì di iyán. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bẹ ẹ́, kó sè é, kó gún un. Ètò kékeré kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn: á tú ohun tó wà nínú ISO, á sì tò ó sórí fíláàṣì lọ́nà tí kọ̀ǹpútà fi máa dá a mọ̀ nígbà tó bá ń jí.

Ìdí tó fi kan ọ̀pọ̀ èèyàn lásìkò yìí

Windows 10 jáde ní oṣù Keje ọdún 2015. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún un dúró. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀ ò kú o, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun nínú rẹ̀, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò tí Microsoft ṣí sílẹ̀ nìkan ni ilé iṣẹ́ náà ń bá dí i.

Ọ̀nà àbáyọ tí Microsoft fẹ́ kí èèyàn tọ̀ ni Windows 11, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Àmọ́ Windows 11 ní ohun tó ń bèèrè: RAM 4GB ó kéré tán, àyè 64GB lórí dísìkì, Secure Boot àti ohun èlò ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Ó tún ní irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó ń gbà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó jáde ṣáájú ọdún 2018 ni kò yege. Bẹ́ẹ̀, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àtàwọn oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ń lò láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ìfọ́n àti Ìdóàní, ọjọ́ sì ti lọ lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Èyí ò sọ wọ́n di pàǹtírí. Linux wà, ọ̀fẹ́ ni. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló ti ní láti ìgbà náà. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ lọ́dún 2004, wà lára èyí tó lókìkí jù. Linux Mint ló sábà máa ń rọrùn jù fún ẹni tí Windows ti mọ́ lára. RAM 2GB àti àyè 20GB lè gbé Mint, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ló máa ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ lè fi kọ lẹ́tà, ẹ lè fi wo íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè fi ṣí ọ̀pọ̀ fáìlì Word àti Excel. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ yín bá nílò ètò kan tó jẹ́ pé orí Windows nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí kí ẹ tó yí padà.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ wá fíláàṣì 8GB ó kéré tán, 16GB tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé gbogbo ohun tó bá wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa pa rẹ́, torí náà ẹ má ṣe lo èyí tí fọ́tò ìgbéyàwó yín wà.

Ẹ nílò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tó fi dáa kí ẹ ṣe fíláàṣì yìí nígbà tí ara kọ̀ǹpútà yín ṣì le. Bó bá ti ṣubú tán, ẹ ó máa tọrọ ti aládùúgbò ni.

Ẹ nílò dátà tó tó. Fáìlì Windows 11 lé ní 5GB. Ti Ubuntu 24.04 súnmọ́ 6GB. Ti Linux Mint 22 wà ní àyíká 3GB. Àwọn tó ń ra dátà òru lè jẹ́ kó máa wọlé mọ́jú. Orí ìkànnì àwọn tó ni ín gan-an ni kí ẹ ti gbà á: microsoft.com fún Windows, ubuntu.com fún Ubuntu, linuxmint.com fún Mint. Ẹ má ṣe gba Windows tí ẹnì kan "ti tún ṣe" látinú ẹgbẹ́ WhatsApp tàbí Telegram. Ẹ ò mọ ohun tó fi kún un.

Ẹ nílò fíláàṣì kejì tàbí dísìkì ìta kan fún àwọn fáìlì tí ẹ fẹ́ kó jáde.

Ọ̀nà kìíní: ètò Microsoft fúnra rẹ̀

Bó bá jẹ́ Windows 11 lẹ fẹ́, tí kọ̀ǹpútà yín sì yege fún un, ọ̀nà yìí ló kúrú jù. Ẹ lọ sí ojú ewé tí Microsoft ti ń fúnni ní Windows 11, kí ẹ gba ètò tó ń jẹ́ Media Creation Tool. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tó ní Windows. Ẹ gbà pẹ̀lú àdéhùn wọn, ẹ yan èdè, ẹ yan USB flash drive, kí ẹ sì tọ́ka sí fíláàṣì yín. Òun fúnra ẹ̀ ló máa dáńlóòdù Windows, òun náà ló máa tò ó sórí fíláàṣì. Iṣẹ́ tiyín ò ju pé kí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì má lọ.

Ìṣòro ọ̀nà yìí ni pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín, ó lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń lọ tó ń bọ̀, ó sàn kí ẹ kọ́kọ́ dáńlóòdù ISO lọ́tọ̀, kí ẹ wá lo ọ̀nà kejì.

Ọ̀nà kejì: Rufus

Bí wọ́n bá dárúkọ Rufus ní Ọ̀wọ̀, Rufus Giwa Polytechnic ló máa ń wá sọ́kàn èèyàn, ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ondo State Polytechnic lọ́dún 1979. Orúkọ ló kàn papọ̀. Rufus ti kọ̀ǹpútà jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tí Pete Batard kọ, ó ti wà láti ọdún 2011. Kò wúwo ju fọ́tò kan tí ẹ fi fóònù yà lọ. Ìkànnì rẹ̀ ni rufus.ie. Bí ẹ ṣe máa lò ó nìyí:

1. Ẹ ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Bí fíláàṣì mìíràn tàbí dísìkì ìta bá wà lára rẹ̀, ẹ yọ wọ́n kúrò, kó má lọ di pé èyí tí ẹ ò fẹ́ lẹ pa rẹ́.

2. Ẹ ṣí Rufus. Níbi tí wọ́n kọ Device sí, ẹ wò ó bóyá fíláàṣì yín ló wà níbẹ̀. Ẹ wo orúkọ rẹ̀, ẹ wo bó ṣe tóbi tó.

3. Ẹ tẹ SELECT, kí ẹ mú ISO tí ẹ ti dáńlóòdù.

4. Níbi Partition scheme, bó bá jẹ́ Windows lẹ fẹ́, ẹ yan GPT fún kọ̀ǹpútà tó jáde láti ìgbà Windows 8, ìyẹn ọdún 2012, títí di ìsinsìnyí. Bó bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, MBR ni. Bó bá jẹ́ Linux, ẹ fi í sílẹ̀ bí Rufus ṣe gbé e kalẹ̀.

5. Ẹ tẹ START. Bó bá jẹ́ Linux, ó lè bèèrè bóyá ISO mode tàbí DD mode. Ẹ yan ISO mode tó dábàá. Bó bá jẹ́ Windows 11, ó lè bèèrè bóyá kó yọ ìlànà TPM àti RAM kúrò. Ó ń jẹ́ kí Windows 11 wọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ lóòótọ́, àmọ́ Microsoft kò ṣèlérí pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ á máa rí àtúnṣe gbà.

6. Ó máa kìlọ̀ fún yín pé gbogbo ohun tó wà lórí fíláàṣì máa parẹ́. Bó bá dá yín lójú, ẹ tẹ OK. Bó bá ti kọ READY lórí àwọ̀ ewé, ó parí nìyẹn.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ISO náà pé. Àwọn tó ni Ubuntu àti Mint máa ń gbé òǹkà gígùn kan tó ń jẹ́ SHA256 sórí ìkànnì wọn. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt nínú fódà tí ISO wà, kí ẹ kọ certutil -hashfile, lẹ́yìn náà orúkọ fáìlì náà, kí ẹ wá kọ SHA256 tẹ̀ lé e. Bí òǹkà tó jáde bá bá ti ìkànnì mu, fáìlì yín pé. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ó ti já lójú ọ̀nà tàbí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ẹ tún un gbà.

Bó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní ńkọ́?

Ọ̀nà ṣì wà, àmọ́ fún Linux nìkan ni. Ètò kan wà fún fóònù Android tó ń jẹ́ EtchDroid, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó ra okùn OTG kékeré tó máa so fíláàṣì mọ́ fóònù, ẹ ó dáńlóòdù ISO Linux sórí fóònù, EtchDroid á sì kọ ọ́ sórí fíláàṣì. Ẹ jẹ́ kí bátìrì fóònù kún dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kò lè ṣe ti Windows.

Bí ẹ ṣe máa fi jí kọ̀ǹpútà

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, kí ẹ tàn án. Bó bá ṣe ń tàn, kí àmì Windows tó jáde rárá, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣí àkójọ ibi tó ti lè jí. Bọ́tìnnì yìí yàtọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn:

- HP: Esc, lẹ́yìn náà F9
- Dell: F12
- Lenovo: F12
- Toshiba: F12
- Acer: F12, àmọ́ lórí àwọn kan, ẹ ní láti kọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀ nínú BIOS pẹ̀lú F2
- ASUS: Esc lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù

Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù kan, ẹ máa di Fn mú pọ̀ mọ́ ọn. Bí àkójọ bá jáde, ẹ yan USB. Bí fíláàṣì ò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ki í bọ ojú ihò mìíràn. Bí kò bá tún jáde, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti yan GPT fún kọ̀ǹpútà tó ń fẹ́ MBR. Ẹ padà sídìí Rufus.

Ẹ kó fáìlì yín jáde ná

Ibí yìí ni pírọ́jẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ àárọ̀ yẹn ti lè yè. Bó bá jẹ́ Linux ló wà lórí fíláàṣì, ẹ ò ní láti gbé e sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó lò ó. Lórí Ubuntu, ẹ yan Try Ubuntu, ẹ má ṣe yan Install. Lórí Mint, òun fúnra ẹ̀ ló máa ṣí sílẹ̀. Orí fíláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan lórí dísìkì yín.

Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí, dísìkì kọ̀ǹpútà yín máa wà ní apá òsì. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ wọ Users, ẹ wọ orúkọ yín. Desktop, Documents àti Downloads wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ ki fíláàṣì kejì bọ̀ ọ́, kí ẹ kó gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì lọ síbẹ̀. Ẹ ṣí méjì mẹ́ta wò lára wọn láti rí i dájú pé wọ́n wọlé.

Nǹkan méjì lè dí yín lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni BitLocker, àgádágodo tí Windows máa ń fi sára dísìkì, nígbà mìíràn láì jẹ́ pé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Bó bá bèèrè recovery key, òǹkà 48 ni. Ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀, ẹ wọ aka.ms/myrecoverykey láti orí fóònù yín kí ẹ wò ó. Ìkejì ni pé kí dísìkì fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí kò bá jáde rárá, tàbí ó ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ má ṣe tàn án mọ́. Bí ẹ ṣe ń tàn án, bẹ́ẹ̀ ló ń bàjẹ́ sí i. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó fáìlì jáde lára dísìkì tó ti kú.

Ìgbà tí ẹ bá wá fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà

Ẹ ki ṣájà bọ láptọ́ọ̀pù, kí bátìrì rẹ̀ sì kún. Fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ lo UPS bẹ́ ẹ bá ní. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ṣì ń ṣe fíláàṣì, kò séwu, ẹ ó tún un ṣe ni. Ṣùgbọ́n bó bá lọ nígbà tí Windows ń wọlé, ti àtijọ́ ti lọ, tuntun ò tíì dé. Ẹ ó ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ojú ibi tó léwu jù ni ibi tí wọ́n ti máa to dísìkì àti ìpín rẹ̀ sílẹ̀: Disk 0 Partition 1, Partition 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Delete àti Format tó wà níbẹ̀ ò ní bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá ní fáìlì lórí ìpín D, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Lórí Linux, ohun tó ń jẹ́ Erase disk ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, Install alongside sì ń jẹ́ kí Windows àti Linux jọ wà pọ̀. Bí ẹ ò bá tíì kó fáìlì yín jáde, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ padà sẹ́yìn.

Bí Windows bá bèèrè product key, tí kọ̀ǹpútà náà sì ti ní Windows tó jẹ́ ojúlówó tẹ́lẹ̀, ẹ yan I don't have a product key. Bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, á dá kọ̀ǹpútà náà mọ̀ fúnra rẹ̀, bó bá ṣáà ti jẹ́ irú Windows kan náà, bíi Home tàbí Pro, lẹ gbé wọlé. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ètò kékeré tí wọ́n ní ó ń "ṣí" Windows lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé, àtipé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ pa ohun tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà yín.

Ẹ ṣọ́ra fún fíláàṣì ayédèrú

Àwọn fíláàṣì kan wà tí wọ́n kọ 64GB sí lára, tó sì jẹ́ pé 4GB ló wà nínú wọn. Kọ̀ǹpútà á ka 64GB, fáìlì á dà bíi pé ó wọlé, àmọ́ èyí tó bá lé ní 4GB ti sọnù. Bí Windows bá ń kọsẹ̀ ní ibì kan náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń gbé e wọlé, ẹ fura sí fíláàṣì. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ H2testw lè sọ bó ṣe tóbi tó gan-an fún yín.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ fi fíláàṣì kan ṣe Linux, kí ẹ lẹ ìwé kékeré mọ́ ọn lára kí ẹnikẹ́ni má fi kó orin, kí ẹ sì fi í sínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀kan péré tó fún ilé kan, ọ́fíìsì kan tàbí yàrá àwọn olùkọ́ kan. Lọ́jọ́ tí àmì Windows bá wá ń yí tí kò wọlé, tí wọ́n bi yín pé "Ṣé ká fọ́máàtì ẹ̀?", ẹ ó lè dáhùn pé: "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó ẹrù mi jáde."